Ìròyìn Ló Ń Gbé Ọkọ̀ Oúnjẹ Wọ Àdúgbò

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀ díẹ̀, ẹni tó bá gba àwọn àdúgbò ìwọ̀-oòrùn Houston kọjá, láti Alief lọ sí Katy títí dé Richmond ní ìpínlẹ̀ Texas, kò ní í pẹ́ rí ọkọ̀ gàgàrà kan tí wọ́n kùn ní ọ̀dà tó ń dán, tó dúró sí ibi ìgbọ́kọ̀sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àdúgbò. Wọ́n ti ṣí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń dún, òórùn ẹran sísun ti gba gbogbo àyíká, àwọn èèyàn sì tò síwájú rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní apá ibẹ̀ gan-an, kì í sì í ṣòro kí ẹ gbọ́ “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Mọ́mì” láàárín èrò.

Ẹni tí kò mọ bó ṣe ń lọ á rò pé ọkọ̀ náà kàn ń kiri ọjà rẹ̀ ni, pé ó rí ibi tí èèyàn wà, ó sì dúró. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ti lè tó oṣù kan, nígbà mìíràn méjì, tí wọ́n ti ń ṣètò ìrọ̀lẹ́ wákàtí mẹ́ta yẹn. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ owó, ìwé àṣẹ ọkọ̀ ti kọjá lójú òṣìṣẹ́ ìlera àti panápaná, wọ́n sì ti fi ìkéde ránṣẹ́ sí ilé kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo rẹ̀, ìkéde yẹn lèmi kà sí pàtàkì jù. Ọkọ̀ tí ìròyìn rẹ̀ kò bá dé etí àdúgbò kì í padà wá lẹ́ẹ̀kejì.

Iṣẹ́ yìí àti iṣẹ́ ìròyìn ti jọ ń rìn tipẹ́. Àwọn ará Texas fẹ́ràn láti máa sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ọkọ̀ oúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀, pé Charles Goodnight ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1866, nígbà tó sọ kẹ̀kẹ́ ẹrù àwọn ológun di ilé ìdáná, tó kan àpótí oúnjẹ mọ́ ọn lẹ́yìn, kí àwọn darandaran rẹ̀ lè máa rí nǹkan jẹ lójú ọ̀nà jíjìn. Èmi ò bá wọn gbà á. Goodnight ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni, kò ta fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí mo gbà pé ó dá òwò náà sílẹ̀ ni Walter Scott, ará ìlú Providence ní ìpínlẹ̀ Rhode Island. Ó ti ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé rí, ó sì mọ̀ pé àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn lóru kì í rí ibi jẹun, torí àwọn ilé oúnjẹ ìlú náà ti máa ń tì kí òru tó dé. Ní 1872 ó fi ẹṣin wọ́ kẹ̀kẹ́ tó ní òrùlé lọ síwájú ọ́fíìsì ìwé ìròyìn Providence Journal, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta sáńwíìṣì àti kọfí. Àwọn tó ń ṣe ìròyìn ni oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ó di 1974 kí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Raúl Martínez tó ra ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ta áíìsìkíríìmù ní Los Angeles, tó sọ ọ́ di ọkọ̀ tákò; òun ló dá ilé oúnjẹ King Taco sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn bíríkìlà àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bọ́, àwọn ọlọ́lá kì í sì í yà síbẹ̀. Ohun tó yí i padà ni ọkọ̀ tákò kan tó ń jẹ́ Kogi. Ní òpin 2008, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, ọ̀gá alásè kan tó ń jẹ́ Roy Choi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹran tí wọ́n sè bí àwọn ará Kòríà ṣe ń sè é sínú tákò ti àwọn ará Mẹ́síkò. Oúnjẹ náà dùn, ṣùgbọ́n orí Twitter ni wọ́n ti ń sọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, tí èèyàn fi ń lọ dúró dè é lọ́pọ̀ yanturu kó tó dé. Ẹ wò ó dáadáa: ọkọ̀ tákò ti wà tipẹ́ ṣáájú wọn. Ìkéde ni wọ́n fi kún un.

Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo ìlú ńlá ń ní tiwọn, ìjà sì dé. Àwọn onílé oúnjẹ ń san owó ilé àti owó orí, wọn ò fẹ́ kí ọkọ̀ wá dúró níwájú ilẹ̀kùn wọn kó máa gba oníbàárà wọn lọ. Ní Chicago, òfin sọ pé ọkọ̀ oúnjẹ gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán 200 ẹsẹ̀ bàtà jìnnà sí ilé oúnjẹ, kó sì gbé ẹ̀rọ GPS tí yóò máa fi ibi tó wà hàn. Ọlọ́kọ̀ kan gbé ìjọba ìlú lọ sílé ẹjọ́, ẹjọ́ náà lọ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ Illinois, wọ́n sì dá ìjọba láre ní 2019. Irú ìjà yìí ló jẹ́ kí àdúgbò tí kìkì ilé gbígbé wà rọ ọkọ̀ oúnjẹ lọ́rùn. Ní àwọn àdúgbò tí mo ń sọ, ilé ni lọ́tùn-ún lósì. Kí ẹ tó dé ilé oúnjẹ tó sún mọ́ jù, ẹ ó wa ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bá ọlọ́kọ̀ jà níbẹ̀.

Nígbà tó wá di oṣù Kẹta 2020, tí àrùn kòrónà lé gbogbo èèyàn kúrò ní ọ́fíìsì, àwọn ọkọ̀ tó ń ta oúnjẹ ọ̀sán láàárín ìlú kò rí ẹni tà fún mọ́. Oníbàárà wọn ti wà nílé, ni wọ́n bá tẹ̀ lé wọn lọ sílé. Kódà ìjọba àpapọ̀ fàyè gbà wọ́n lójú ọ̀nà márosẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún náà, níbi tí òfin ti kọ irú òwò bẹ́ẹ̀ láti 1956, kí àwọn awakọ̀ àjàgbé lè rí oúnjẹ jẹ. Àrùn náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà pípe ọkọ̀ wá sí àdúgbò kò kásẹ̀ nílẹ̀.

Ta ló ń pè é? Ẹgbẹ́ onílé ni, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní HOA. Bí ẹ bá ti ra ilé sínú irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ẹ ti di ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn, ẹ fẹ́ ẹ kọ̀. Àwọn tó ń gbé lábẹ́ irú ẹgbẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù 70. Ẹni tó bá ti jókòó sípàdé láńdílọ́ọ̀dù l'Ékòó rí á rò pé ohun kan náà ni, ṣùgbọ́n ti Texas le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó lè bu owó ìtanràn lé yín bí koríko iwájú ilé bá ga jù, bí gbèsè owó ọdún bá sì pẹ́ lọ́rùn yín, ó lè gba àṣẹ ilé ẹjọ́ kó ta ilé náà. Abájọ tí ọ̀pọ̀ ará àdúgbò fi máa ń fajú ro bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá kì í mú ire dání. Mo gbà pé ìyẹn wà lára ohun tó mú àwọn ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹgbẹ́ fẹ́ràn ọkọ̀ oúnjẹ tó bẹ́ẹ̀: ohun kan rèé tí wọ́n lè ṣe láìbí ẹnikẹ́ni nínú, tí kò sì náni lówó púpọ̀.

Iṣẹ́ náà sábà máa ń bọ́ sọ́wọ́ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tó yọ̀ǹda ara wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ wá ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí. Ìjọba ló ni ojú títì, ó sì ní òfin tirẹ̀. Ẹgbẹ́ ló ni ibi ìgbọ́kọ̀sí ibi ìlúwẹ̀ẹ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹ máa ń bá ọkọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kí epo gbígbóná má bàa dà sí alásè lára. Fèrèsé ìtajà gbọ́dọ̀ kọjú sí apá ibi tí ọkọ̀ kì í gbà, kí ọmọ tó ń dúró de oúnjẹ má bàa wà lójú ọ̀nà. Wọ́n á tún béèrè ìwé adójútòfò lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, kí wọ́n rí i pé orúkọ ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀, torí bí ẹnì kan bá fara pa, ilé ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ máa ń já sí níbẹ̀ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹgbẹ́ ń gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Ní àdúgbò, òdì kejì ló sábà máa ń jẹ́: ọlọ́kọ̀ ló máa ń ní kí ẹgbẹ́ ṣe onídùúró fún òun, pé bí ọjà òun kò bá tó iye báyìí, kí wọ́n bá òun kún un. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní 800 dọ́là ni wọ́n fẹnu kò sí. Bí ọjà bá tó 950, ẹgbẹ́ kò san nǹkan kan. Bó bá jẹ́ 550 ló tà, ẹgbẹ́ á mú 250 wá. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń pe èyí ní wọ̀bìà. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Kí ọlọ́kọ̀ tó ta àwo kan, ó ti ra ẹran, ó ti ra gáàsì, ó ti gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́ fún alẹ́ náà, ó sì ti kọ̀ fún ibòmíràn tó pè é lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ Ẹtì kan péré ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Ẹran tí kò bá sì tà lálẹ́ yẹn, díẹ̀ nínú rẹ̀ ni yóò ṣeé lò lọ́jọ́ kejì.

Àdéhùn yìí ló sọ ìkéde di owó. Gbogbo ìdílé tí kò gbọ́ pé ọkọ̀ ń bọ̀, ẹgbẹ́ ló ń fi owó dí àyè rẹ̀, owó ẹgbẹ́ yẹn sì ni owó ọdún tí ìdílé náà san.

Èrò tó pọ̀ jù náà ní wàhálà tirẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà. Bí àwo kan bá ń jáde ní ìṣẹ́jú méjì méjì, 30 ni láàárín wákàtí kan, 90 ni ní wákàtí mẹ́ta. Bí ìdílé 100 bá wá jáde, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan fẹ́ àwo mẹ́ta, 300 nìyẹn, ọmọ ẹni tó wà lẹ́yìn á ti sùn kó tó kan baba rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò ńlá fi ń pe ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọlọ́kọ̀ tó mọṣẹ́ sì máa ń dín oríṣi oúnjẹ rẹ̀ kù sí márùn-ún tàbí mẹ́fà fún irú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń jẹ́ kí èèyàn ti fi fóònù sọ ohun tó fẹ́ jẹ láti ọ̀sán. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tó kọ oríṣi oúnjẹ 25 sára, tí èèyàn méjì péré sì wà nínú rẹ̀, ẹ jẹun nílé kí ẹ tó jáde.

Ilé ìdáná gidi ni inú ọkọ̀ náà, òfin ilé ìdáná ló sì ń tẹ̀ lé. Ní Texas, ọkọ̀ oúnjẹ sábà máa ń nílò ibi kan tí ìjọba ti fọwọ́ sí, tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní commissary. Ibẹ̀ ni yóò ti gba omi mímọ́, ibẹ̀ ni yóò ti da omi ìdọ̀tí nù, ibẹ̀ náà ni wọn yóò ti fọ̀ ọ́, tí wọn yóò sì kó oúnjẹ pamọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ló máa ń para pọ̀ lo ẹyọ kan, tí kálukú á máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ìlànà ìjọba sọ pé àgbá omi ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ fi ìdá 15 nínú 100 tóbi ju àgbá omi mímọ́ lọ, kó má bàa kún kó dà sílẹ̀ níwájú ilé yín. Oúnjẹ tó yẹ kó gbóná kò gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀ ju ìwọ̀n 57 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tó yẹ kó tutù kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 5. Ibi ìfọwọ́ gbọ́dọ̀ dá dúró lọ́tọ̀, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́.

Òfin commissary yìí ló máa ń dun àwọn ìyá wa. Èèyàn lè mọ ọbẹ̀ ẹlẹ́ran sè débi pé gbogbo ìjọ ń pariwo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sè é nílé kó wá gbé kúlà lọ tà á lójú fèrèsé ọkọ̀. Oúnjẹ ẹlẹ́ran tí wọ́n bá sè ní ilé ìdáná ilé ẹni kò bófin mu láti tà níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ta ìrẹsì jọ́lọ́ọ̀fù àti súyà lórí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ilé ìdáná tó ní ìwé àṣẹ.

Iná ni òṣìṣẹ́ ìjọba ń bẹ̀rù jù, wọn ò sì jayò pa. Ní 2014, gáàsì bú gbàmù nínú ọkọ̀ oúnjẹ kan ní Philadelphia. Ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ bá a lọ, àwọn mìíràn tó wà nítòsí sì fara pa. Àjọ NFPA, tó ń kọ ìlànà lórí ọ̀rọ̀ iná fún Amẹ́ríkà, fi abala kan pàtó sí i fún ọkọ̀ oúnjẹ nínú ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2018. Nítorí náà, bí ẹ bá rí panápaná tó ń yẹ ibi tí wọ́n de sìlíńdà mọ́ wò, tó ń wo ẹ̀rọ apaná tó wà lókè ibi tí wọ́n ti ń dín nǹkan, ẹ má rò pé ó ń wá rìbá. Ẹni tó bá ń ṣètò ìrọ̀lẹ́ yìí ní láti béèrè fún ìwé àyẹ̀wò iná kó tó béèrè ohun tí wọ́n ń tà.

Ooru náà kò ṣeé fojú fò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn Texas máa ń kọjá ìwọ̀n 38, inú ọkọ̀ tí ààrò méjì ń jó nínú rẹ̀ sì gbóná ju ìta lọ. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ń pa iṣẹ́ náà tì láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ. Ní ti owó orí, ìpínlẹ̀ náà ń gba 6.25 nínú 100 lórí oúnjẹ tí wọ́n sè tà, ìjọba ìbílẹ̀ lè fi tó 2 kún un. Ẹ má bá ọmọ tó wà lójú fèrèsé jà nítorí 8.25.

Mo ti lo àkókò púpọ̀ lórí ọkọ̀. Ìròyìn ló kù.

Láti 2005, ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ló ti kógbá sílé, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ ìròyìn Medill ní Northwestern University. Ìwé ìròyìn Houston Post ti lọ láti 1995. Houston Landing, tí wọ́n dá sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2023 pẹ̀lú owó rẹpẹtẹ tí àwọn olówó fi ṣètọrẹ, kò ju ọdún méjì lọ tó fi parí ní 2025. Èyí tó ṣẹ́kù kò lè máa kọ̀wé nípa ọ̀nà omi tó wà lẹ́yìn ilé yín. Àwọn kan rí i pé ohun tí èèyàn fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn: tọkọtaya John àti Jennifer Garrett dá Community Impact sílẹ̀ ní agbègbè Austin ní 2005, ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń jù sínú àpótí lẹ́tà ilé kọ̀ọ̀kan, tí agbègbè kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ọ̀nà wo ni wọ́n ń fẹ̀? Ṣọ́ọ̀bù wo ló ń ṣí? Èló ni owó orí ilé lọ́dún yìí? Kò jìnnà sí ohun tí Henry Townsend ń tẹ̀ l'Ábẹ́òkúta láti 1859 nínú Ìwé Ìròyìn rẹ̀ fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá, níbi tí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ̀rọ̀ ìlú ti jọ wà lójú ewé kan náà.

Orí fóònù ni ìyókù ti ń ṣẹlẹ̀: Facebook, WhatsApp, àti Nextdoor tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, níbi tí wọn kì í ti í gbà yín wọlé àfi bí ẹ bá ń gbé àdúgbò náà. Àhesọ kún inú gbogbo wọn. Ẹnì kan gbọ́ ariwo báńgà, ó kọ̀wé pé ìbọn ni, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti pa èèyàn méjì tí kò sí níbì kankan.

Nígbà tí ìjì Beryl jà ní Houston ní oṣù Keje 2024, tí iná mànàmáná lọ ní ilé tó lé ní mílíọ̀nù méjì, àwòrán ilẹ̀ tó yẹ kí ilé iṣẹ́ mànàmáná fi sọ ibi tí iná ti lọ kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí àwọn ará ìlú ṣe ni pé wọ́n ṣí áàpù ilé oúnjẹ Whataburger: ibi tí ilé oúnjẹ náà bá ṣí, iná wà níbẹ̀; ibi tó bá tì, òkùnkùn ni. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo Houston rí i bí oúnjẹ àti ìròyìn ṣe sún mọ́ra tó.

Ìkéde ọkọ̀ oúnjẹ fúnra rẹ̀ kò le. Ọjọ́, wákàtí, ibi tí ọkọ̀ yóò dúró, ohun tí wọ́n ń tà, bóyá wọ́n ń gba owó pépà tàbí káàdì nìkan, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Wọ́n á fi í ránṣẹ́ ní ímeèlì ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọ́n á tún fi ránṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n á sì ri pátákó kéékèèké mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé àdúgbò. Pátákó yẹn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ímeèlì ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ kì í ṣí i torí ìbẹ̀rù owó ìtanràn, àwọn tó sì ya ilé gbé kì í sí lórí ìwé orúkọ rárá. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá.

Bí èrò bá wá jáde tán, ìlà iwájú fèrèsé ń fún ìgbìmọ̀ ní ohun tí wọn kì í rí gbà rárá: àwọn ará àdúgbò tó dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú 20 tí wọn ò ní ibi tí wọ́n ń sáré lọ. Wọ́n á gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ àdúgbò á wà níbẹ̀, ẹ̀ka ilé ìkàwé á wá, ilé ẹ̀kọ́ lè wá ṣàlàyé ìdí tí ọmọ ojúlé kejì yóò fi máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan ń fi ìpàdé ọdọọdún wọn sí ìrọ̀lẹ́ yìí gan-an, nítorí pé òfin wọn béèrè iye èèyàn kan kí ìdìbò tó lè wáyé, iye náà kì í sì í pé bí kò bá sí ohun jíjẹ. Ní Texas, alẹ́ tó tóbi jù nínú ọdún ni National Night Out, ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ará àdúgbò àti ọlọ́pàá fi ń pàdé ara wọn. Láti 1984 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ oṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìlú Texas ti sún un sí oṣù Kẹwàá nítorí ooru.

Tábìlì kan wà tí èèyàn kì í yà sí, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ yà sí. Ti MUD ni. MUD ni àjọ ìjọba kékeré tó ń gbé omi wá sí ilé yín, tó ń kó omi ìdọ̀tí lọ, tó sì ń tọ́jú ọ̀nà omi òjò. Ó yá owó láti fi ṣe gbogbo rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ àdúgbò náà, ẹ̀yin lẹ sì ń san án padà nínú owó orí ilé, lọ́dọọdún. Àwọn márùn-ún ló ń darí rẹ̀, ìdìbò wọn sábà máa ń bọ́ sí oṣù Karùn-ún, àwọn tó sì ń dìbò máa ń kéré débi ìtìjú. Àwọn MUD kan ń ṣèpàdé ní ọ́fíìsì lọ́yà láàárín ìlú, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ẹni tó ń sanwó wà níbi iṣẹ́. Lẹ́yìn tí ìjì Harvey fi omi kún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ní Houston ní 2017, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè ta ló ni ọ̀nà omi ẹ̀yìn ilé wọn. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n ti bi lórí ìlà tákò nìyẹn.

Ní ti oúnjẹ wa, àwọn tó bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ pe ọkọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ẹ dárúkọ ohun tí ọkọ̀ lè gbé. Súyà, dòdò, púff-púff, ìrẹsì jọ́lọ́ọ̀fù àti ẹran díndín ń yára jáde, èèyàn sì lè jẹ ẹ́ ní ìdúró. Ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ kò bá ibẹ̀ mu: ó ń fẹ́ ìjókòó, ó ń fẹ́ omi ìfọwọ́, aládùúgbò tí kò jẹ ẹ́ rí á sì lo ìṣẹ́jú márùn-ún lójú fèrèsé tó ń béèrè ohun tó jẹ́, tí ìlà á máa gùn sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ súyà wò.

Bí ìkéde bá tún dé, ẹ dáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí àwọn tó ń ṣètò lè mọ iye tí wọn yóò sọ fún ọlọ́kọ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ya ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnu yín nìkan ni yóò ti gbọ́. Ẹ jáde ní kùtùkùtù ìrọ̀lẹ́, kí ìlà tó gùn. Bí ẹ bá sì dé ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó jókòó sí tábìlì MUD, ẹ béèrè ọjọ́ ìpàdé wọn àti èló gbèsè tó kù, kí ẹ tó lọ ra oúnjẹ.